Ohun Tó Pa Aró Ìyá Ọkọ Mi

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ààfáà tó ń ṣe wáàsí sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ dìde kúrò lórí ẹní. Ó ní olóògbé ni obìnrin tó lé láílọ́ọ̀nù kúrò ní ìdí iná àdúgbò yìí, pé òun ló gba aró ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ aró ì bá ti parẹ́ ní agbo ilé náà. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Wọ́n fi owó sínú àwo. Èmi náà ṣe àmín, torí pé wọ́n ń wò mí, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́.

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. N kò mọ ẹni tó ṣòfin yẹn, àmọ́ ó jọ pé ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ kú, tó sì mọ ohun tí òun ti ṣe, ni. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ìtàn kí ó má baà wọ́. N ó to èyí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá ọkọ mi, "wọ́n" ni n ó máa lò fún wọn bí ó ti yẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, "ó" ti tó o. Ọ̀wọ̀ tirẹ̀ ti pé lọ́wọ́ ààfáà.

Nígbà tí mo wọ ilé náà bí ìyàwó, owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ìlú ni. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Òkè Pádre. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ọkọ mi kún fún ìkòkò aró. Àwọn aláró mìíràn ti ń da ojú ìkòkò tiwọn délẹ̀ nítorí aró òyìnbó inú agolo, èyí tí èèyàn á kàn dà sómi tí yóò sì mú aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní aró inú agolo dà bí ìfẹ́ ọkọ: ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń dán jù. Aró ewé èlú ni tiwọn, àwọn obìnrin sì ń gbé aṣọ wá láti Bẹẹrẹ, láti ìsàlẹ̀ Mápó, láti ibi gbogbo. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán ọkọ mi níwèé. Ó yẹ kí ọkọ mi rántí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé ewé ni aró. Rárá, eérú ni. Ewé èlú tó dára kò ṣòro rí lọ́jà. Eérú tó dára ló ṣòro. Ìdí ààrò àwọn ará ilé àti ti aládùúgbò ni wọ́n ti ń gbá a jọ, Ìyá á sì fi ọṣẹ dúdú san oore fún ẹni tó bá gbé e wá. Wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á tún un sun títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni wọn á rún un sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e lórí, omi náà á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ìyá á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n. Bí ó bá ta ahọ́n bí ata, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ó ti tó nìyẹn. Ewé èlú á bọ́ sínú rẹ̀, á máa rà níbẹ̀, títí yóò fi máa hó, tí ojú rẹ̀ á sì máa dán bí ọrùn ẹyẹlé. Aró tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti jí. Èyí tí kò bá jí, wọ́n á ní ó kú. Bí èèyàn gan-an ni wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ọjà'ba ló ń jókòó sí, ọ̀rá ló ń tà: láílọ́ọ̀nù funfun, láílọ́ọ̀nù dúdú, èyí tí a fi ń di gààrí, èyí tí a fi ń gbé ẹran. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà mo fún un ní orúkọ oyè tèmi, mo ń pè é ní Eyínfúnjowó. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Ohun tó ń gba àárín rẹ̀ jáde ni kò mọ́.

Ìyá tèmi wà ní Pópó Yemọja, ewé ni wọ́n ń tà: ewé ẹ̀kọ, ewé eéran, gbòdògí fún ẹni tó fẹ́ se mọ́ínmọ́ín. Ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń tà ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Èèyàn tó ń ra ìdì ewé lárààárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀rá, torí pé ọ̀rá kì í ya bí epo bá kàn án, kì í sì í pọ́n bí ó bá di ọjọ́ kejì. Màmi á jókòó ti ewé wọn títí yóò fi rọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀. Bí ó bá ti rí mi níwájú àwọn èèyàn ni yóò gbé ohùn sókè.

"Ìyàwó tíṣà, ìyá rẹ ò tíì ṣíwọ́ ewé? Mo gbọ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń bá wọn nájà."

Wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàwó ni mí.

Ọ̀rá dé, ó sì kún ibi gbogbo. Àkìtàn ẹ̀yìn ilé wa kì í kún tẹ́lẹ̀. Èèpo iṣu, ewé tí wọ́n fi di ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìyẹ, ilẹ̀ ń jẹ gbogbo rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń wá fi àpò wa ilẹ̀dú ibẹ̀ lọ sóko. Nígbà tí ọ̀rá dé, ilẹ̀ kò rí i jẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ kan fi ọkọ́ kọ àkìtàn náà, tí ọ̀rá ń bá ọkọ́ jáde bí ìfun ẹran, ọ̀kan ń fa èkejì. Ó dúró, ó wò ó, ó ká àpò rẹ̀ lé èjìká, ó lọ. N kò rí i mọ́ fún ọdún púpọ̀. Gọ́tà iwájú ilé náà di pa. Bí òjò bá rọ̀, omi tó yẹ kó máa ṣàn lọ sódò á yà wá kí wa nínú pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò rí ìyẹn. Ọ̀rá tó bá ya tàbí tó bá lẹ̀ pọ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, tí kò ṣeé tà, ó ń kó o wálé, ó ń pín in fún àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n máa fi dáná. Tẹ́lẹ̀, ìhá ni wọ́n fi ń dáná, ìyẹn òwú tó ń ṣẹ́kù lára ẹyìn tí wọ́n bá ti fún epo rẹ̀ tán. Ìhá ń fẹ́ sùúrù, pàápàá nígbà òjò. Ọ̀rá kò fẹ́ sùúrù kankan. Ṣáná sí i báyìí, ó ti gbà. Kò sí ìyàwó tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń lo sítóòfù ní tèmi, torí pé mo gbọ́dọ̀ tètè dé ilé-ìwé. Ní òwúrọ̀, òórùn kan á bo gbogbo agbo ilé, òórùn tó ń gún imú tó sì ń mú ọ̀fun yún. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó sọ ọ́ lórúkọ, ó ní òórùn ọ̀làjú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni aró bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ìkòkò kan ló kọ́kọ́ kú, a ní ewé ló burú. Èkejì kú. Ìyá pààrọ̀ ẹni tó ń ta èlú fún wọn. Ìkẹta kú. Aṣọ tó bá wọ inú rẹ̀ á jáde ní àwọ̀ eérú, bí àkísà tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Mo rí Ìyá tí wọ́n tọ́ omi eérú wò, tí wọ́n tu ú dà nù, tí wọ́n ní, "Kò ta. Ẹ fi eérú kún un." Wọ́n fi kún un. Kò ta. Wọ́n tún fi kún un. Iléyá sì ń bọ̀, ìyẹn ọjà tí aláró fi ń jẹun di ọdún mìíràn. Aṣọ funfun àwọn oníbàárà ga jọ ní yàrá Ìyá títí ó fi kan fèrèsé. Àwọn kan wá gba tiwọn padà, wọ́n gbé e lọ fún alágolo. Ìyá sọ fún wa pé bí aró kò bá jí kí Iléyá tó dé, àwọn á dojú gbogbo ìkòkò bolẹ̀, àwọn á sì jókòó. N kò rí wọn kí wọ́n jókòó rí. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá láti ìgbà èwe, kí ni yóò fi ọwọ́ náà ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, a wà ní ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ó sọ gèlè rẹ̀ sórí àpótí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Aró ò ṣàdédé kú. Ẹnì kan ń gba ìdí ìkòkò yín kọjá nígbà tí kò yẹ."

"Ta ni?" Ìyá kò gbé ojú sókè.

"Ẹ bi tíṣà."

Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, kí ni mo ṣe?"

"Ṣé o ò mọ̀ pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í dé ìdí aró ni? Àbí wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé yín?"

"Mo mọ̀. N kò sì dé ibẹ̀ rí nírú àkókò bẹ́ẹ̀."

"Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó o ṣe é àti ìgbà tí o ò ṣe é? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa ń sinmi rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, wọn á tún fi fífún ọmọ lọ́mú sinmi sí i. Ìwọ nìkan lo ò ní ìsinmi."

Ẹni tí kò bá tíì rí ọmọ bí ní agbo ilé nìkan ni yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé sí mi lára. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn kan kò tilẹ̀ bò ó. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àga, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo wò ó. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó ti kú báyìí. Ọlọ́run ti lè forí jì í. Ní tèmi, mo ṣì ń rò ó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní bí aró kò bá jí kó tó di Iléyá, kí wọ́n mú mi padà sí Pópó Yemọja kí àwọn tó bí mi lọ tọ́jú mi. Ìyá ní kò sẹ́ni tó máa lé ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n wò mí, wọ́n sì ní, "Ìyàwó, máa gba iwájú ilé ná. Má wá sẹ́yìnkùlé títí tí n ó fi pè ọ́." Wọn kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti gbà á gbọ́ díẹ̀.

"Ó kéré tán," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "kó kó eérú burúkú tó dá sílẹ̀ yìí lọ dà nù. Ẹni tó pa ẹran ló ń gbé e."

Wọ́n gbé eérú tó kù nínú àwọn ìkòkò náà sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé-ìwé kò sí, mo gbé e rù. Tíṣà tí àwọn ọmọ ń kí pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ lójú títì, èmi ni mo gbé agbọ̀n eérú tútù, tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́rùn, gba iwájú ilé gbogbo èèyàn lọ sí àkìtàn. Mo sunkún. Ẹkún náà kò jẹ́ kí n rí ilẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ mi kọ́ ọ̀rá kan tó rì sílẹ̀ ní ìdajì, agbọ̀n sì bọ́ lórí mi.

Ìṣù eérú náà fọ́ káàkiri. Èyí tó yẹ kó kúnná bí ìyẹ̀fun kò kúnná. Ó ṣù pọ̀, ó le, inú rẹ̀ ní kókó dúdú, ó ń dán bí ọ̀dà. Mo mú ọ̀kan, mo nù ún mọ́ aṣọ. Mo tún mú òmíràn. Kò sí ìṣù kan tí kò ní in nínú. Mo di díẹ̀ nínú wọn mọ́ etí ìró mi, mo padà sílé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ṣáná sí ọ̀kan lórí ìdérí agolo. Ó kọ́kọ́ rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹ̀kán rẹ̀ ń jó bí ó ti ń bọ́. Òórùn náà gba imú mi.

Òórùn ọ̀làjú.

Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń dáná ń yọ́ sínú eérú. Bí Ìyá bá tún eérú náà sun, ọ̀rá á tún yọ́, á lẹ eérú mọ́ra bí àtè. Omi kò lè wọ inú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Omi tí Ìyá ń tọ́ wò tí wọ́n ń ní kò ta, omi lásán ni. Bí wọ́n sì ṣe ń fi eérú kún un, ọ̀rá ni wọ́n ń fi kún un.

N kò sáré jáde. Mo mọ ilé tí mo wà. Bí mo bá gbé kókó náà jáde nígbà yẹn, wọ́n á ní èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo di kókó tó kù àti ìdérí agolo náà mọ́ ìró, mo wọ bàtà, mo gba Pópó Yemọja lọ.

Màmi wà nídìí ewé wọn.

"Màmi, eérú ni mo wá gbà."

"Eérú? Ṣé iná ti kú nílé ọkọ rẹ ni?"

Mo rò fún wọn. Mo rò ó tán, títí kan èyí tí wọ́n sọ nípa ìsinmi oṣù mẹ́sàn-án. Màmi fi ewé gbòdògí kan nu ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Ọ̀rá yìí," ni wọ́n sọ. "Ó gba ọjà mi, mo dákẹ́. Ó wá fẹ́ gba ilé ọkọ ọmọ mi? Gbé agbọ̀n wá."

Ìhá àti igi ewé gbígbẹ ni Màmi fi ń dáná, ọ̀rá kò wọ ìdí ààrò wọn rí. Ọ̀tá kì í bá wọn dáná. Wọ́n wa eérú kún agbọ̀n, eérú funfun tó rọ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Wọ́n fi ewé eéran bò ó. Wọ́n ní, "Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo kí wọn. Sọ fún ẹnì kejì pé ewúrẹ́ ló rán ọ."

Mo dé ilé, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ wá wo nǹkan! Ó lọ gbé eérú oògùn wá láti ilé ìyá rẹ̀!"

Àwọn ìyàwó jáde. Ìyá náà jáde. Mo kúnlẹ̀, mo gbé kókó dúdú náà síwájú wọn lórí ìdérí agolo. Mo ní, "Màmá, inú eérú tí ẹ ní kí n dà nù ni mo ti rí èyí. N kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀." Mo ṣáná sí i.

Èéfín rẹ̀ dìde. Ìyàwó tó sọ òórùn náà lórúkọ ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú.

"Háà! Òórùn ìdáná wa nìyẹn."

"Ìwọ lo fi sí i," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí.

Ìyá mú ìṣù eérú mìíràn tí wọ́n ti sun sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì wọ ìkòkò, tí èmi kò tíì fọwọ́ kàn. Wọ́n fi òkúta fọ́ ọ. Kókó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fọ́ òmíràn. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n yí sí àwọn ìyàwó.

"Kí lẹ fi ń dáná nínú ilé yìí?"

Ìyàwó kan ló dáhùn.

"Ọ̀rá ni, Màmá."

"Ta ló ń fún yín?"

Wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú wọn ló lọ síbẹ̀.

"Mo ń ṣe wọ́n lóore ni!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pariwo. "Ṣé oore ti di ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ fẹ́ gba ti tíṣà tó ń gbé eérú kiri gbọ́ ju ti ọmọ inú yín lọ?"

Ìyá ní kí wọ́n fọ ìkòkò kan dáadáa, kí wọ́n bu eérú tí mo gbé wá sínú rẹ̀, kí wọ́n da omi sí i. Ó di ọjọ́ kejì kí omi náà tó kán tó. Gbogbo ilé tún péjọ. Ọkọ mi pàápàá wà níbẹ̀, láìmú ìwé ìròyìn dání. Ìyá na ìka.

"Màmá, ẹ má fi ẹnu kàn án o! Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fi sí i!"

Ìyá wo ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n ní, "Bí ó bá pa mí, gbogbo yín ti mọ ẹni tó pa mí. Bí kò bá pa mí, ẹ ó mọ ẹni tó pa aró mi."

Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi kan ahọ́n. Ojú wọn fún pọ̀. Wọ́n yọ ahọ́n síta bí ọmọdé tó jẹ ata, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ láti ìgbà tí ìkòkò àkọ́kọ́ ti kú. "Ó ta," ni wọ́n ń wí. "Ó ta mí! Ẹ bá mi bu omi wá, ó ta mí!"

Èlú wọ inú ìkòkò. A dúró dè é títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó jí, mo ń múra ilé-ìwé ní yàrá mi. Mo gbọ́ ohùn Ìyá.

"Ìyàwó mi! Máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé."

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. N kò lè kọjá níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé ọ̀nà ti là fún mi?"

Wọ́n ní, "Bó o bá ń ṣe é, bó o ò bá ṣe é, máa bọ̀. Eérú ló pa aró mi. Obìnrin kọ́."

Níwájú gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n fi etí aṣọ kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn fà á jáde. Ó jáde ní àwọ̀ ewé tútù, mo rò pé ó tún ti bàjẹ́. Ìyá ní kí n má mikàn. A tẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, èmi níhìn-ín, Ìyá lọ́hùn-ún, aṣọ náà sì ń yí padà níwájú wa láti etí dé àárín, títí ó fi di aró, aró tó jinlẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Mo pẹ́ dé ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi dúdú, n kò sì fọ̀ ọ́.

Kí oṣù tó parí, Ìyá ti rìn dé gbogbo ilé tí wọ́n ti ń gba eérú, láti ilé wa títí dé ẹ̀yìn Ọjà'ba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ilé tó bá ń fi ọ̀rá dáná, àwọn kò ní gba eérú wọn, àwọn kò sì ní rẹ aṣọ Iléyá wọn. Ìjọba ti rán wolé-wolé kiri títí nítorí ìdọ̀tí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ kírun Iléyá láìrí aró Ìyá wọ̀? Wọ́n padà sórí ìhá. Wọ́n sì tún rí i pé ewé tí wọ́n fi di ẹ̀kọ, bí wọ́n bá sá a gbẹ, iná ń gbà á dáadáa, eérú rẹ̀ sì dára fún aró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bèèrè ẹ̀kọ aléwé lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, tí ẹlẹ́kọ sì ń bèèrè ewé lọ́wọ́ Màmi. Kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé Màmi kò rọ lórí igbá mọ́.

Ọ̀rá tó bá bọ́ sínú ilé, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a sórí okùn, wọ́n ń tún un lò. Kò sẹ́ni tó ń dà á sí àkìtàn. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ mo rí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ nígbà tó yá, tó ń fi ọwọ́ fọ́ ilẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ńkọ́? Kò bẹ̀ mí. Ọjà rẹ̀ rọ̀, ó kó ọ̀rá kúrò, ó ń ta agbọ̀n àti abọ́. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún àlejò kan pé, "Ṣebí èmi ni mo ní kí wọ́n má fi ọ̀rá dáná mọ́. Àwọn ìyàwó wọ̀nyí, kí ni wọ́n mọ̀?" Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, mo sì gbé ìbínú náà títí di òní. Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ òkú, ó tó pé kí n sọ òótọ́ rẹ̀. Nígbà tó ti gba ògo náà, ó ní láti máa ṣọ́ ọ. Òun ló ń yẹ ìdí ààrò wò lárààárọ̀. Òun ló ń bá ìyàwó tó bá fi ọ̀rá pamọ́ jà, tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń bú u títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́. Lẹ́yìn tí Ìyá kú, tí èmi sì ti kó lọ sí ilé tí mo kọ́ lẹ́yìn ìlú, òun ló dúró ti òfin náà. Ó jí ọ̀rọ̀ mi gbé, ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú olè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ìgbà omi inú ọ̀rá, tí àwọn ọmọ ń mu ún tán tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀ lójú títì, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ìlú kún. Láti Mápó wo ìsàlẹ̀, gọ́tà funfun bí ẹni da ìyẹ́ adìyẹ sí i. Ní ọjọ́ kan láàárín àwọn ọdún yẹn, mo ti Ọjà'ba bọ̀, mo ní kí n yà kí wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìyàwó ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí n kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ mí, ló wà nídìí iná ní ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò aró ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń hó. Mo yọ búrẹ́dì tí mo rà wá nínú ọ̀rá rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rá náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fi ọ̀rá sídìí iná."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ó ń pa aró ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó wò mí bí ẹni wo àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀. "Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé yìí. Àbí àlejò ni yín ni?"

Mo fẹ́ sọ fún un ẹni tí mo jẹ́. Mo fẹ́ kó kúnlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u.

Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ń kó o sí. Ó na ìka sí agbọ̀n kan lẹ́bàá ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀rá náà, mo rìn lọ síbẹ̀. Kò padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀ títí tó fi rí i pé mo ti fi í sínú agbọ̀n náà.